Gbogbo nǹkan ló ń dúró dè mí níbi iṣẹ́: báwo ni mo ṣe lè fún àwọn òṣìṣẹ́ mi láṣẹ?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé iṣẹ́ kékeré ni mo ní, fóònù àti kọ̀ǹpútà là ń tún ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ mi mọṣẹ́, wọ́n sì ṣeé fọkàn tán. Àmọ́ bí oníbàárà bá ní kí wọ́n dá owó òun padà, wọ́n á pè mí. Bó bá fẹ́ ẹ̀dínwó, wọ́n á tún pè mí. Bí n kò bá gbé fóònù, oníbàárà á bínú lọ. Mo ti ní kí wọ́n máa lo ọpọlọ wọn, kò yàtọ̀. Mo fẹ́ fún wọn láyè, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àdánù ń bà mí.

Ìyá Oníṣòwò: "Ẹ lo ọpọlọ yín" kì í ṣe àṣẹ, ọ̀gá mi. Ẹ dá iye lé e. Ilé ìtura Ritz-Carlton gba òṣìṣẹ́ wọn láyè láti ná tó 2,000 dọ́là lórí ìṣòro àlejò kan láì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá. Tiyín ò ní tó bẹ́ẹ̀! Ẹ mú iye tí kò lè ba òwò yín jẹ́ bí wọ́n bá tiẹ̀ ṣì í ná. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: èyí tí wọ́n lè dá ṣe, àti èyí tí wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láìsí yín.

Òṣìṣẹ́ Lèmi: Ọ̀gá tiwa náà ní ká máa pinnu. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan nínú wa dá owó padà, ìṣojú oníbàárà ni ọ̀gá ti jágbe mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, bí ilé ń jó, a óò kọ́kọ́ pè wọ́n ná 😂.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé. Ti owó dídá padà yé mi. Ẹ̀dínwó ńkọ́? Wọ́n lè dín in débi tí èrè á fi tán.

Bàbá Ìṣirò: Ṣé wọ́n mọ iye tí ẹ ń ra ohun èlò? Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń fi iye yẹn pamọ́, wọ́n á tún máa retí kí òṣìṣẹ́ mọ ibi tó yẹ kó dúró. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ẹ jọ ṣírò ohun tó ń kù lẹ́yìn ohun èlò, owó ilé àti iná. Kí wọ́n máa kọ ẹ̀dínwó kọ̀ọ̀kan àti ìdí rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ jọ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àmọ́ ẹ má fún gbogbo wọn láṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà.

Òṣìṣẹ́ Lèmi: Ẹ rántí owó oṣù náà o. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ mánígà lé èèyàn lórí, tí owó rẹ̀ ò kúrò lójú kan, ẹrù lẹ dì fún un.

Olùbéèrè: Màá kọ ìwé náà lọ́sẹ̀ yìí, owó dídá padà ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Ti owó oṣù… ẹ jẹ́ kí n ṣírò ná 🙈.