Ẹnu ológbò mi ń rùn, erìgì rẹ̀ sì pupa: ṣé kí n máa fọ eyín rẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ológbò mi jẹ́ ọmọ ọdún 4. Mo ṣàkíyèsí pé ẹnu rẹ̀ ń rùn, nígbà tí mo sì ká ètè rẹ̀ sókè, mo rí ìlà pupa kan ní etí erìgì, níbi tí eyín ti yọ jáde. Ó ṣì ń jẹun dáadáa. Mo ti ra búrọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n n kò tíì lò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ ni, àbí ohun mìíràn wà tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn kìíní

Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ má tíì fi búrọ́ọ̀ṣì kan ẹnu náà títí dókítà ẹranko yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí erìgì tó wú máa ń dùn ún, bó bá sì ti mọ̀ pé ìrora ni búrọ́ọ̀ṣì ń mú wá, kò ní jẹ́ kí ẹ sún mọ́ ẹnu rẹ̀ mọ́. Ẹ má sì torí pé ó ń jẹun kí ọkàn yín balẹ̀. Ológbò a máa pa ìrora mọ́ra. Ẹ wò ó bó bá ń jẹun: ṣé ẹ̀gbẹ́ kan ló fi ń jẹ, ṣé oúnjẹ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ṣé ó ń da itọ́?

Èérí tó lẹ̀ mọ́ eyín kún fún kòkòrò àìfojúrí, bí a kò bá sì nù ún kúrò, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni yóò ti le bí òkúta, tí búrọ́ọ̀ṣì kò ní ràn án mọ́. Erìgì tó kàn wú ṣì lè padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n bí àrùn náà bá ti jẹ egungun tó di eyín mú, ohun tó ti lọ ti lọ nìyẹn.

Ìdáhùn kejì

Òótọ́ ni. Àrùn kan tún wà tó wọ́pọ̀ lára ológbò, èyí tí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ fi ń jẹ eyín run, tó sì sábà máa ń fara pamọ́ sábẹ́ erìgì. Àwòrán X-ray ló ń tú u fó, yíyọ eyín náà sì ni ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ jù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún ológbò ní oògùn akunnilóorun kí wọ́n tó fọ eyín rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni máa ha eyín ológbò tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀, nítorí òkè eyín nìkan ló máa mọ́, èyí tó wà lábẹ́ erìgì yóò sì máa ṣọṣẹ́ lọ.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Bí dókítà bá parí iṣẹ́ rẹ̀, ṣé mo lè lo ọṣẹ ìfọyín tiwa?

Ìdáhùn kẹta

Rárá o. Ológbò kì í tu ọṣẹ dànù, gbígbé ló máa gbé e mì, fluoride àti èròjà tó ń mú ọṣẹ tiwa hó kò sì yẹ kó wọ inú rẹ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ológbò. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó lá díẹ̀ lórí ìka yín. Nígbà tí èyí bá ti mọ́ ọn lára, ẹ fi ìka náà ra ẹ̀gbẹ́ eyín rẹ̀ lábẹ́ ètè, kí ẹ tó wá mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó rọ̀. Kò pọn dandan kí ẹ la ẹnu rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ ìta ni kí ẹ dojú kọ, pàápàá àwọn eyín ẹ̀yìn ti òkè, nítorí ibẹ̀ ni èérí ti ń pọ̀ jù. Ojoojúmọ́ ló dára jù.

Bó bá sì dà bíi pé ẹnu ń dùn ún kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un ní Paracetamol. Hóró kan ṣoṣo lè pa ológbò.