Òógùn ni àbí ìrì? Orúkọ omi inú àgbá kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí fún omi tí à ń bá nísàlẹ̀ àgbá kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ki afẹ́fẹ́ pọ̀ sínú àgbá irin. Àwọn kan ń pè é ní "omi tó jò wọlé", àwọn kan dábàá "òógùn àgbá", èmi fara mọ́ "ìrì". Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀, nítorí orúkọ tí a bá fún omi yìí ló máa sọ fún ọmọ iṣẹ́ bóyá ojoojúmọ́ ni kó máa tú u.

Ká kọ́kọ́ mú "jò" kúrò. Ẹni tó bá gbọ́ pé omi jò wọlé yóò máa wá ibi tó lu, yóò da ọ̀rá bo ẹ̀rọ náà nígbà òjò, omi yóò sì tún wà níbẹ̀ lọ́la. Kò sí ibi tó lu. Inú afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ fà ló bá wọlé.

Ẹ bá mi ṣírò ó. Ní ọ̀sán Abẹ́òkúta, bí ooru bá wà ní 30 °C, 1,000 lítà afẹ́fẹ́ tó gba ọ̀rinrin yó ń gbé bíi gíráàmù omi 30. Ká ní ìdá 80 nínú 100 ìyẹn ló gbé, ó di 24. Kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ kékeré tó ń fa 100 lítà ní ìṣẹ́jú kan yóò fa 6,000 lítà ní wákàtí kan: gíráàmù omi 144. Bó bá ki afẹ́fẹ́ yìí pọ̀ dé 120 psi (psi ni òṣùwọ̀n agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ara àgbá), yóò súnkì di bí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Bó bá sì tutù padà, ibi tóóró tó kù sí kò lè gbé ju bíi 20 lọ. Ìyókù, tó lé ní 120, di omi: bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọ̀rá píọ́wọ́tà kan. Díẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ jáde gba inú họ́ọ̀sì, èyí tó pọ̀ á sùn sísàlẹ̀ àgbá. Nígbà ọyẹ́ ó máa ń dínkù gan-an, ẹ̀rí nìyẹn pé ojú ọ̀run ló ti ń wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé òógùn, mo gbọ́ yín. Àmù ń làágùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n omi inú àmù ló ń gba ara amọ̀ jáde. Ara ohun tó ń làágùn ni òógùn ti ń wá, irin àgbá kò sì ní omi lára. Ìrì ni kì í ti ara ewé wá: afẹ́fẹ́ tutù, kò lè gbé ẹrù rẹ̀ mọ́, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ sọ pé òwúrọ̀ nìkan ni ìrì máa ń sẹ̀. Nínú àgbá, ìgbàkigbà tí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá kan irin tó tutù jù ú lọ ni òwúrọ̀. A sì ti ní ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ lẹ́nu: ìrì sẹ̀ sínú àgbá.

Ọ̀rọ̀ ìṣe kejì le díẹ̀. "Fa omi" kò bá a mu, ìyẹn jọ kéèyàn fi họ́ọ̀sì fa epo nínú táǹkì ọkọ̀. "Da omi" ń sọ fún èèyàn pé kó yí àgbá dojú dé. Afẹ́fẹ́ ló ń ti omi yìí jáde, nítorí náà "tú" ni mo mú: tú ìrì. Ẹnu kékeré tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ká pè é ní ẹnu ìtúrì.

Bí a ṣe ń tú u rèé. Pa ẹ̀rọ, yọ wáyà kúrò lára iná. Tú afẹ́fẹ́ dànù títí gééjì, aago tó ń fi agbára afẹ́fẹ́ hàn, yóò fi wálẹ̀ sí nǹkan bíi 30 psi, nítorí ní 120 ó lè ju ìdọ̀tí lu ojú èèyàn. Wọ awò iṣẹ́. Gbé ike sábẹ́ rẹ̀, gbé àgbá náà tẹ̀ síhà ẹnu ìtúrì, kó o rọra yí i sí òsì. Omi á kọ́kọ́ tú jáde, lẹ́yìn náà á di ìfófòó, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ lásán. Ìgbà tó bá di afẹ́fẹ́ lásán ló tó. Bí ẹnu náà bá di, má ṣe fi ìṣó gún un nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀: gééjì gbọ́dọ̀ wà ní 0 kó o tó yọ ọ́ láti fọ̀ tàbí pààrọ̀.

Omi pupa ń sọ pé irin ti ń dógùn-ún nínú. Ìsàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, níbi tí ojú ò tó. Àgbá tó bá ti lu kì í ṣe ohun tí à ń jó mọ́, torí irin ẹ̀gbẹ́ ihò náà ti fẹ́lẹ́, ó sì lè bú gbàmù. Ẹ pa á tì. Fún àwọn tó ń fín ọ̀dà, ìrì tó bá bá họ́ọ̀sì jáde máa ń mú kí ọ̀dà ta roro. Òróró tó bá tẹ̀lé e á máa fi ihò róbótó sílẹ̀ lójú ọ̀dà.

Èyí tó bá jáde funfun bí omi ògì ti pò mọ́ òróró ẹ̀rọ. "Ìrì olóròóró" ni mò ń pè é, kò sì yẹ ká dà á sí gọ́tà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo ṣetán láti gbà á.