Ìkọ́kọrẹ́ mi ò ní kókó: ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ gbà mí

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Leeds:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, àmàlà àti gbẹ̀gìrì ni wọ́n fi wò mí dàgbà. Ohun tí mo mọ̀ nípa ewùrà kò ju ọ̀jọ̀jọ̀ tí wọ́n ń dín ládùúgbò wa lálẹ́ lọ. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi mú mi lọ sí Ìjẹ̀bú Òde lọ́dún 2024 láti wo Ojúde Ọba, ẹṣin àti aṣọ àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni mo rò pé màá máa rántí. Àṣé oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, ìkọ́kọrẹ́, oúnjẹ ewùrà àwọn Ìjẹ̀bú, ni kò ní kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ̀yìnkùlé ilé ìyá ọ̀rẹ́ mi la wà. Màmá ti rin ewùrà sínú abọ́, wọ́n da iyọ̀ sí i, wọ́n ń fi ọwọ́ lù ú. Ọbẹ̀ ń hó lórí iná igi: epo, ata, irú, ẹja gbígbẹ, pọ̀ǹmọ́. Wọ́n wá ń fi ìka mẹ́ta bu ewùrà náà, wọ́n ń jẹ́ kó máa já bọ́ sínú ọbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń dún pọ̀, pọ̀. Wọ́n dé e. Mo fẹ́ ṣí i wò, Màmá di ọwọ́ mi mú: "Má fọwọ́ kàn án, jẹ́ kó jókòó." Nígbà tí wọ́n bù ú sáwo, kókó kókó ló wà nínú rẹ̀, ó rọ̀, epo ti wọ̀ ọ́ dénú. Ẹ̀bà tó ti tutù ni wọ́n gbé tì í. Mo kọ́kọ́ rò pé wọn ò ráyè tẹ tuntun ni. Nígbà tí mo gbé òkèlè kìíní mì, mi ò béèrè ẹ̀bà gbígbóná mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ níbí. Màmá ò rí físà gbà láti wá wẹ ọmọ, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn wọ́n, ó ń dun ọmọ wọn. Lọ́jọ́ Àìkú ó sọ fún mi pé ìkọ́kọrẹ́ ìyá òun nìkan ni ẹnu òun ń fẹ́. Mo ṣèlérí fún un. Lánàá mo ra iṣu Gánà, mo rin ín, mo ṣe gbogbo bí mo ṣe rí i. Ó yòrò sínú ọbẹ̀ pátápátá, kò sí kókó kan ṣoṣo. Nígbà tó tutù, ó le gbagidi. Mo pe Màmá, wọ́n ní, "Ṣáà rin ín, kó o fi sínú ọbẹ̀." Mi ò lè sọ fún wọn pé ó ti bà jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti ṣì í? Sátidé ni mo fẹ́ gbé e lọ.

Ìyá Òkè Àjé:

Ọmọ mi, ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á wo ọmọ tuntun. Iṣu tó o rà ni. Ewùrà ní omi nínú, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Yíyọ̀ yẹn ló ń mú kó di ara rẹ̀ mú nígbà tí ooru bá kàn án. Iṣu funfun ò ní in tó.

Ojú wẹ́wẹ́ irin tá a fi ń rin ilá ni kó o fi rin ín. Má gbé e sínú ẹ̀rọ ìlọta, omi tí wàá bù sí i kó tó lè lọ á bà á jẹ́. Fi epo pa ọwọ́ rẹ kó o tó bẹ̀rẹ̀, torí ewùrà tútù ń yúnni. Jẹ́ kí ọbẹ̀ ṣàn ju bó o ṣe fẹ́ jẹ ẹ́ lọ, ewùrà á mu ún. Ọbẹ̀ náà gbọ́dọ̀ máa hó yaya kó o tó ju ẹyọ kan sí i. Tí kò bá tíì hó, yíyòrò ló máa yòrò. Lẹ́yìn náà, dín iná kù, dé e, fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgbà yẹn ni wàá fi ṣíbí onígi yí i láti ìsàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Èyí tó bá fọ́ ló máa mú ọbẹ̀ ki, ìyókù á dúró bíi kókó.

Ará Peckham:

Ẹ lọ sí ilé ìtajà àwọn ará Íńdíà, ẹ béèrè "ratalu". Inú fìrísà ló máa ń wà, wọ́n ti gé e sí wẹ́wẹ́. Ewùrà ni, àmọ́ inú rẹ̀ pọ́n bí àlùkò. Ẹ má jẹ́ kí yìnyín rẹ̀ yọ́ tán kẹ́ ẹ tó rin ín, ó máa ń rọrùn láti dì mú nígbà tó ṣì le díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rin ín tán, ẹ fún omi rẹ̀ dànù. Ẹ má ra ube, ewùrà àwọn ará Philippines, tó wà nínú ike o, wọ́n ti sè é, wọ́n sì ti fi ṣúgà sí i.

Baálé tó ń dáná:

Ẹ má fi tòmátì sí i, ẹ̀gbọ́n. Ata rodo, tàtàṣé díẹ̀, àlùbọ́sà, ó tó. Tẹ́ ẹ bá rí ògìrì, ẹ fi sí i. Lọ́dún tí mi ò rí ewùrà, mo rin kókò mọ́ iṣu funfun, ó dì dáadáa.

Ìyá Òkè Àjé:

Èmi ò fara mọ́ ti kókò yẹn o. Ó ń mú un wúwo. Kó wá ratalu náà lọ.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Leeds:

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo rí ratalu, àpò méjì. Mo fún omi rẹ̀ nínú aṣọ funfun kan, aṣọ náà ò lè funfun mọ́ láéláé. Nígbà tí mo ju ti àkọ́kọ́ sínú ọbẹ̀, ó dún pọ̀, bí ti Màmá gẹ́lẹ́, omi bọ́ lójú mi nídìí ìkòkò. Mo kúrò nílé ìdáná kí ọwọ́ mi má baà ṣí i. Kókó wà níbẹ̀! Àwọ̀ rẹ̀ ló yàtọ̀, ó pọ́n dúdú bí obì.

Ọ̀rẹ́ mi ṣí abọ́, ó wo àwọ̀ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó fi ìka wá kókó kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi sẹ́nu. Ó ní, "Ẹ̀bà ńkọ́?" Láàárọ̀ ni mo ti tẹ ẹ́, ó ti tutù. Ó jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú ọmọ láyà, ó wá pe Màmá lórí fídíò, ó yí fóònù sí àwo tó ṣófo.

Ìyá Òkè Àjé, ìdí ìkòkò jó díẹ̀ o. Ṣé iná ni mi ò dín kù tó ni, àbí ọbẹ̀ ni ò ṣàn tó? Mo tún fẹ́ sè é ní Sátidé tó ń bọ̀.