Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ṣẹ́ẹ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ kí ni mo ṣì ṣe nínú English Opening yìí?

Ẹ káàsán o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ṣágámù ni mo wà, mo lọ ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Ìjẹ̀bú-Òdè lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wá fi mí kojú bàbá kan tó mú funfun. c4 ni bàbá fi ṣí i (ìbẹ̀rẹ̀ eré yẹn ni wọ́n ń pè ní English Opening; lẹ́tà àti nọ́ńbà ni orúkọ ojúlé kọ̀ọ̀kan lórí pátákó), èmi náà c5, gbogbo nǹkan tí wọ́n bá ṣe lèmi náà ń ṣe, ẹṣin méjèèjì, g3, g6, bíṣọ́ọ̀bù sí g2, tèmi sí g7, àwa méjèèjì káásù (ìyẹn ni pé a gbé ọba pa mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúùkù), àfi bí ẹni ń wo dígí. Ìgbà keje ni wọ́n ta d4, a pa pọ́ọ̀nù, a pa ẹṣin, kúìnì wọn wá dúró sí d4. Mo ta d6, wọ́n yáa sá kúìnì sí d3 torí bíṣọ́ọ̀bù mi tó lúgọ sẹ́yìn ẹṣin. Mo gbé bíṣọ́ọ̀bù kejì sí f5, wọ́n ta e4, mo padà sí e6, àtìgbà yẹn ni mi ò ti rí ibi tí mo lè mí sí mọ́. Ẹṣin wọn jókòó sí d5, mo fi bíṣọ́ọ̀bù pa á, pọ́ọ̀nù e ni wọ́n fi gbà á, rúùkù wọn wá kọjú sí pọ́ọ̀nù e7 mi títí mo fi kú. Ó dùn mí gan-an.

Ṣé kí n tètè ta a6, rúùkù sí b8, kí n ti b5 ni? Àbí kí n yà kúrò nínú dígí yẹn ní ìgbà karùn-ún, kí n ta e6 kí d5 lè ṣeé ta? Ẹnì kan ní e5 ló dáa, ṣùgbọ́n ihò tó máa dá sílẹ̀ ní d5 (ojúlé tí pọ́ọ̀nù mi kankan ò ní lè ṣọ́ mọ́) ń bà mí lẹ́rù. Sátidé ni mo tún ń lọ, ẹ dákun ẹ bá mi dá sí i.