Ìwé àtijọ́ fún ìdánwò LPIC-1: orí wo ni mo ṣì lè gbẹ́kẹ̀ lé?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti yege nínú ìdánwò 101-500, ó ku 102-500 kí LPIC-1 (ìwé-ẹ̀rí fún àwọn tó ń ṣàkóso ẹ̀rọ Linux) tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ti 102-400, ẹ̀dà àtijọ́ ìdánwò kan náà, ni ìwé tí mo fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkójọ kókó tuntun, mo rí i pé wọ́n ti yọ SQL (èdè tí a fi ń bá ibi ìpamọ́ dátà sọ̀rọ̀), pé systemd timer (ohun tó ń mú iṣẹ́ ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí a yàn) àti nmcli (àṣẹ tí a fi ń ṣètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì) sì ti wọlé. Mo kọ timer kan tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì mi lágogo méjì òru, ó sì ṣiṣẹ́. Àwọn orí tí àkọlé wọn kò yí padà ló há mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe 102-500, nínú orí lọ́ọ̀gì (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ), ìtẹ̀wé àti ààbò, èwo ni kí n tún kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀?