Ẹ jẹ́ ká fi "ilé àjogúnbá" sílẹ̀ jàre

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ẹ ní tá a bá ń sọ Yorùbá, ká máa pe àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n ń dáàbò bò ní Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tó ti Brazil padà dé l'Ékòó, àti àdúgbò tó yí i ká ní "ilé àjogúnbá", ká sì máa pe iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lára wọn ní "àtúnkọ́". Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ méjèèjì.

Àṣà àjogúnbá ò burú, torí àṣà ò ṣe é pín. Ilé ṣe é pín. L'Ékòó níbí, tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ ogún, ọmọ ìyàwó àgbà á ní yàrá iwájú lòun fẹ́, ọmọ ìyàwó kejì á ní ká tà á ká pín owó, ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ tá à ń wá ni èyí tó máa sọ fún ẹbí pé tiyín ni o, àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ wó o. Ilé àwọn Fernandez ní Tinúubú, tí gbogbo wa mọ̀ sí Ilojo Bar, nǹkan bí 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ìjọba kéde ẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, 11 September 2016. Ó ṣì ń dùn mí. "Ilé àfòfindáàbòbò" ni mo dábàá. Ó gùn lẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ tí katapílà bá dé, aládùúgbò á rí ohun tó máa fi pariwo.

"Àtúnkọ́" ló tiẹ̀ burú jù, ẹ ti ní kí wọ́n wó o nìyẹn. "Àtúnṣe" náà ò sàn, kọ́ńtírátọ̀ á yọ fèrèsé onípákó dà nù, á fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀, omi tí ògiri ń fà látilẹ̀ ò ní rí ibi gbà jáde mọ́, tó bá yá sìmẹ́ńtì á wú, á máa ṣí, amọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á ti rà. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ Legacy, tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, ṣe sí Jaekel House, ilé 1898 nínú ọgbà rélùwéè l'Ẹ́bútẹ́ Mẹ́ta, "ìdápadàsípò" ni mo máa pè é, ìyẹn ni ká dá ilé padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Èyí tó ṣì ń dà mí láàmú ni Freedom Park, ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street tẹ́lẹ̀, tó di ibi eré àti fàájì láti 2010. Ìdápadàsípò kọ́ nìyẹn, ta ló fẹ́ kó padà di ẹ̀wọ̀n? "Ìsọdìlò-tuntun", ìyẹn ká fi ilé àtijọ́ ṣe nǹkan mìíràn, ló wá sí mi lọ́kàn, kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀yin àgbà, kí lẹ ní?