Àbúrò mi fẹ́ fi oògùn sílẹ̀ torí àdìrẹ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn
Ẹ kú ilé o, ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀. Látìgbà tí àbúrò mi obìnrin ti pàdánù ọmọ ẹ̀ ní Ṣágámù níbí ni ò ti sọ̀rọ̀ mọ́, a gbàdúrà títí, a gbé e lọ sí Arò l'Ábẹ́òkúta, oògùn wọn ń jẹ́ kó sùn. Oṣù tó kọjá ló jókòó ti màmá àgbà nídìí àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ó mú ìyẹ́ adìyẹ, ó ń tì í bọ ẹ̀kọ láfún, ó ń ya àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọdé kéékèèké sára aṣọ, omijé ń bọ́, ló bá pe orúkọ ọmọ náà! Ó ti ń jẹun báyìí, àmọ́ ó ní àdìrẹ ti tó, òun ò lo oògùn mọ́. Báwo ni kí n ṣe bá a sọ ọ́ kó di méjèèjì mú? Ẹ ṣé gan-an o.